Àjẹkù Bàámi

Òórùn ejìnrìn ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màámi ti gbé àgbo aràn kaná láti kùtùkùtù, ó ń hó yaya, òórùn kíkorò rẹ̀ sì ti gba inú yàrá kan kí n tó lajú. Wọ́n ní aràn ni kò jẹ́ kí n lè jẹ oúnjẹ alẹ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí aràn kankan níkùn mi. Bọ̀kọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìfọ̀ á rántí pé ọmọ ló ni àjẹkù bàbá. Èmi nìkan ni wọ́n bí nígbà náà. Bí Bàámi bá ti ti ibi iṣẹ́ dé láti Ẹbúté Mẹ́ta, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin nírọ̀lẹ́, wọn a wẹ̀, wọn a jókòó ti láfún àti ọbẹ̀ bọ̀kọ̀tọ̀ wọn, èmi náà a kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ológbò. Nígbà tó yá, ohun tí wọ́n ń ṣẹ́ kù fún mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Òkèlè méjì péré, wọ́n ti fọwọ́. Inú mi dùn, mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìwọ̀n tí mo bá lè jẹ ni mo ń jẹ, ìyókù a padà sọ́dọ̀ Màámi ní ilé ìdáná.

Àfi ọjọ́ tí mo gbọ́ tí Màámi ń bá Ìyá Rálíà, aládùúgbò wa, sọ̀rọ̀. "Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti rí ibòmíràn jẹun. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Agége. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí oúnjẹ mi bá tún ń kù báyìí, ilé bàbá mi ní Ìbógun ni n ó gbà lọ."

Ta ni kò mọ̀ pé bí ìyàwó bá kọ ọkọ, ọ̀dọ̀ bàbá lọmọ ń kù sí? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ àjẹkù náà tán pátá. Mò ń gbé e mì tipátipá, mò ń lá abọ́, kí n tó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Màámi a wo inú abọ́, ojú wọn a là. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ààrò. Wọ́n tún wá ń fi kún bọ̀kọ̀tọ̀ náà, mo gbé!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Bàámi. "Ẹ ṣeun, Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ tún ti ń jẹun mi." Bàámi wo abọ́, wọ́n wò mí. Mo dorí kodò. "Ọbẹ̀ náà dára," ni wọ́n wí. Inú bí mi sí wọn. Ó ṣì ń bí mi dòní.

Ife àgbo kan péré ni mo mu láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí tí mo fi bì. Bọ̀kọ̀tọ̀ jáde ní ègé-ègé. Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó. Pọ̀nmọ́ ni wọ́n máa ń bù fún mi; abọ́ Bàámi nìkan ni bọ̀kọ̀tọ̀ ń wọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló ní kí o máa jẹ ẹ́ tán?"

"Kí ẹ má baà lọ sí Ìbógun ni, Màámi."

Wọ́n wọ yàrá wọn, mo gbọ́ tí wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n kó aṣọ jáde, wọ́n dì í lẹ́rù, wọ́n gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ẹní mi. N kò lè dìde. Etí ẹrù náà ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Màámi dúró, dúró, dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó, wọ́n tú ẹrù, wọ́n sì fa ìró kan yọ nínú rẹ̀, wọ́n fi nu ẹnu mi.

Bàámi kò fi Agége sílẹ̀. Màámi náà kò bu bọ̀kọ̀tọ̀ fún wọn mọ́, inú abọ́ tèmi ló ń bọ́ sí. Bàámi rí i.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Eyín ń dun ọkọ mi, ẹran ò ṣe é jẹ fún wọn mọ́, ọmọ-ọmọ wa a sì sáré wá gba àjẹkù, a máa jó. Mo mọ̀ pé eyín ni. Èmi ni mo ń bá wọn wá oògùn rẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti fọwọ́, kí n tó wo ojú ọkọ mi, inú abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò.