Ìsinmi Tí Kò Parí ní Torp

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, ọdún 2022, ìdá méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ra Torp ló sọ pé eré náà dára. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìdá mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Tora Wikander ló ń ka èrò wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Skövde, níbi tí ènìyàn mẹ́jọ ti fi ọdún márùn-ún ṣe eré orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Torp ni wọ́n ń pe ahéré àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹni bá ṣí eré náà, wọn yóò bí i sínú irú ahéré bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Yóò gbin ọkà ráì, yóò gbéyàwó, yóò bímọ, yóò darúgbó, yóò kú, ọmọ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó parí sí. Ohun tí ènìyàn bá ṣe sí aládùúgbò rẹ̀ kì í parẹ́. Bí bàbá bá jí igi ìdáná, wọn yóò fi bú ọmọ ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà odò.

Èrò ńlá ni. Ọwọ́ tó gbé e ló kéré. Ẹṣin a máa rìn wọ inú adágún, a sì dúró síbẹ̀ títí omi yóò fi di yìnyín. Àlùfáà a máa gba inú ògiri kọjá. Ìyàwó a máa kí ọkọ rẹ̀ kú àbọ̀ oko lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Àwọn tó rà á mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ń fara dà á. Brynolf, ọkùnrin kan ní Gävle tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwa bọ́ọ̀sì, kọ ọ́ báyìí: "Ilé tó ń jò ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ mọ ohun tí à ń pè ní ilé. Mo ní ó dára. Ẹ tún òrùlé yín ṣe." Tora fẹ́ràn Brynolf. Kò fẹ́ràn púpọ̀ nínú àwọn yòókù.

Claes Fagerlund ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, ó kà á níbì kan pé àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ní ọjọ́ mímọ́ rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kì í fi dòjé kan ọkà. Ó ní kí Hedda, tó ń kọ ìlànà tí eré náà ń tẹ̀ lé, fi àwọn ọjọ́ náà sí i. Hedda fi wọ́n sí i. Wọ́n tú àtúnṣe yìí sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà, wọ́n jẹ àkàrà òyìnbó tí wọ́n to èso sí lórí, wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ tó wà létí omi tàbí nínú igbó lọ fún odindi oṣù keje. Ẹni tí kò dàgbà ní orílẹ̀-èdè yẹn nìkan ni yóò béèrè ìdí tí wọ́n fi ń tú ohun tuntun sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ló dàgbà níbẹ̀.

Tora ló gbà láti dúró ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ bá Evald bàbá rẹ̀ ní erékùṣù Orust, nínú ilé onígi tí bàbá Evald fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Wọ́n ti ta ilé náà. Orúnkún Evald kò lè gun àpáta etí òkun mọ́. Ìparí oṣù keje ni yóò fún ẹni tó rà á ní kọ́kọ́rọ́. Ohun tó ń fẹ́ kò pọ̀: kí òun àti ọmọ òun jọ jẹ ọ̀dùnkún tí òun gbìn, kí wọ́n jọ fa ọkọ̀ ojú omi gòkè, kí wọ́n sì jọ ti ilẹ̀kùn náà. Ó ti sọ fún Tora láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣìṣe tó wà nínú àtúnṣe náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí ọjọ́ Ólófù Mímọ́, ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ mímọ́ náà, bá pé nínú eré náà, nígbà tí ráì ti gbó, gbogbo abúlé á wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ, wọn kì í sì í jáde mọ́. Ọjọ́ mímọ́ náà kì í parí. Ráì á jẹrà lóko. Bí òtútù bá dé, àwọn ọmọdé á kọ́kọ́ kú. Bẹ́ẹ̀ sì ni eré náà ń fi ibi tí ènìyàn bá a dé pamọ́ ní wákàtí wákàtí, kì í sì í padà sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ìdílé rẹ̀ bá kú, ó kú náà nìyẹn.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. "Ẹ̀yin ọ̀lẹ wọ̀nyí, ẹ ṣe àgbẹ̀ tó jọ yín." "Mo lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì títí. Àlùfáà yọjú láàárín ògiri, ó ní kí àlàáfíà wà pẹ̀lú mi." "Ṣé wọ́n ń ṣe ìpàdé ni? Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń wá akọ̀wé."

Tora rẹ́rìn-ín sí èyí tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbólóhùn tí gbogbo ilé iṣẹ́ ti fẹnu kò lé lórí: "A ti gbọ́ yín. Ẹ ṣeun tí ẹ bìkítà."

Bọ́tìnnì kan wà tó lè dá eré náà padà sí bó ti wà kí àtúnṣe tó dé. Tora ló máa ń tú àtúnṣe sílẹ̀, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì náà wà. Kò tẹ̀ ẹ́. Ní ilé iṣẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dá nǹkan ṣe. Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ yí tábìlì kọfí ká títí ẹnu gbogbo yóò fi kò. Kò sí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá, "ìwọ" ni gbogbo ènìyàn fi ń pe gbogbo ènìyàn, èyí ló sì jẹ́ kó rọrùn láti má mọ ẹni tó ni ẹ̀bi. Tora kọ̀wé sí àwọn méje tó kù. Mẹ́ta dáhùn pé àwọn fara mọ́ ọn bí àwọn yòókù bá fara mọ́ ọn. Ó pe Hedda lórí fóònù. Ariwo àwọn ọmọ tó ń bẹ́ sómi ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

"Hedda, nǹkan ti bàjẹ́ o. Mo fẹ́ dá eré yìí padà sí ti tẹ́lẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ àwọn ọjọ́ mímọ́ yẹn ni, àbí? Mo mà sọ pé n ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán."

"Ta lo sọ ọ́ fún?"

"Mo sọ ọ́ sínú ife kọfí mi." Hedda rẹ́rìn-ín. "Ẹnu gbogbo yín dùn jù lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"Ṣé kí n dá a padà?"

"Kò burú lójú tèmi, tí gbogbo wa bá ti fẹnu kò."

"Ìwọ ni mo ń bi."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Èmi kọ́ ni màá da iṣẹ́ ẹlòmíì nù. Kí ni Claes wí?"

"Claes lọ gun òkè fún ìsinmi, ó ti pa fóònù rẹ̀."

"Ẹn-ẹ́n. Dúró dè é nígbà yẹn. Ọmọ yìí ti fẹ́ rì, ó dàbọ̀!"

Tora dúró. Ọjọ́ tí ìsinmi tirẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kọjá. Kò sí ẹni tó so ó mọ́ àga. Ó lè kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò kó máa lọ, ṣùgbọ́n fóònù kì í lọ ní ilé Evald, ó sì ń rò ó pé wákàtí tí òun bá kúrò ni èsì á dé. Evald máa ń rìn dé ṣọ́ọ̀bù etí èbúté kó tó lè pè é.

"Tora, ṣé o ti wà lọ́nà?"

"Ó ku díẹ̀, Pápá. Eré yìí ló dá mi dúró."

"Àwọn àgbẹ̀ inú kọ̀ǹpútà yẹn? Kí ló tún ṣe wọ́n?"

"Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò jáde."

"Wọ́n sàn jù wá lọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, èmi ò débẹ̀ mọ́." Ó wúkọ́. "Ọ̀dùnkún ti tó wà. Tí o bá pẹ́, màá máa jù ú fún àwọn ẹyẹ òkun. Àwọn yẹn kì í yẹ àdéhùn."

"Ọ̀la ni, Pápá. Ẹ má bínú."

"Ọ̀la tìrẹ yìí mà gùn o, ọmọ mi."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Brynolf yí èrò rẹ̀ padà. "Ìdílé mi ti dé ìran karùn-ún. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ. Gbogbo wọn ti kú tán sínú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo kọ̀wé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́ mi. Mo tún kọ ọ́, wọ́n tún ní àwọn ti gbọ́ mi. Ẹni tó ń dá wa lóhùn yìí, kùkùté ni." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tí kò mọ Brynolf ti ń kọ ọ́: ẹ kí kùkùté fún wa, kùkùté, ṣé o ti jẹun? Tora ka gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó sì dá wọn lóhùn pé a ti gbọ́ yín.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù parí nígbà tí Claes sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó sì tan fóònù rẹ̀.

"Tora! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbogbo èyí ni. Kí ló dé tí o ò kàn dá a padà?"

"Mo ń dúró de gbogbo yín."

"Dúró kẹ̀? Ta ló ní kí o dúró?"

Tora ronú. Ó wá ẹni náà nínú orí rẹ̀, kò rí i. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Ọwọ́ rẹ ni nǹkan yẹn ṣáà wà. A fọkàn tán ẹ." Ohùn Claes rọ̀ bí òwú, bó ti máa ń rọ̀. "Má dá ara rẹ lẹ́bi. Tí ìsinmi bá parí, gbogbo wa á jọ jíròrò rẹ̀."

Tora tẹ bọ́tìnnì náà. Kọfí rẹ̀ kò tíì tutù tí àwọn ará abúlé fi tú jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n mú dòjé, wọ́n gba oko lọ. Àwọn tó ti kú kò jí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wa mọ́tò lọ sí Orust. Ó rí mọ́tò bàbá rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù etí èbúté. Evald jókòó sínú rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó gbé ìkòkò tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé lé orí itan.

"Pápá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ará Nọ́wè tó ra ilé yẹn bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tètè kó wọlé. Ọkọ̀ ẹrù ti wà nílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ní kó máa dúró dè?"

"Ọjọ́ ò tíì pé!"

"Kò tíì pé." Ó tú aṣọ ìnura náà. "Mo sè é lórí ààrò wọn kí n tó kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Ó ṣì gbóná díẹ̀."

"Ta ló bá yín fa ọkọ̀ ojú omi?"

"Òun náà. Ó lágbára. Kò mọ okùn-ún so."

Wọ́n jẹ ọ̀dùnkún náà pẹ̀lú iyọ̀ níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Evald kò bá a wí. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó nu ìkòkò náà, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì gbé e fún Tora pé kó máa mú un lọ sílé, nítorí òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ìkòkò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́.

Torp ti gòkè padà sí ìdá ọgọ́ta nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Wọ́n jíròrò ọ̀rọ̀ náà bí Claes ti ṣèlérí. Gbogbo wọn fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Tora wà níbẹ̀, ó mu kọfí, ó sì fara mọ́ ọn. Brynolf kò tíì dá èrò rẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ ló ṣì wà lókè pátápátá níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ra eré náà yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, bí o bá wà lára àwọn tó pe Tora ní kùkùté ní oṣù keje yẹn, ṣí ojú ewé náà lónìí. Mi ò ní kí o sọ pé eré náà dára. Kò dára tó. Mi ò ní kí o sọ pé Tora kò jẹ̀bi. Ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì wà. Fi ẹ̀sùn ráì tó jẹrà sílẹ̀ bó ti wà, fi ti àwọn ọmọ tó kú sínú òtútù sílẹ̀ bó ti wà. Wá ibi tí o ti kọ kùkùté, kí o sì pa á rẹ́. Má dúró kí àwọn yòókù kọ́kọ́ pa tiwọn.