Dírágónì Kì Í Wọlé Lọ́sàn-án

Àṣìṣe kékeré kan ni Ọmọ́bọ́lá Morákinyọ̀ ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ to ìwé sórí pákó. Ó kó àwọn ìwé tí àwòrán dírágónì wà lára wọn mọ́ ìwé ọ̀nì, ìwé alángbá àti ìwé alágẹmọ, ó sì lẹ bébà kan mọ́ igi lókè wọn pé ÀWỌN ẸRANKO. Ó rí ìrù, ó rí ìpẹ́, ó rí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò sì ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí aṣọ oníbàárà ń dúró dè lórí ẹ̀rọ kì í fara balẹ̀ béèrè bóyá ẹranko tó ń yọ iná lẹ́nu wà láyé.

Aránṣọ ni Ọmọ́bọ́lá. Kì í ṣe olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìsàn-Èkìtì ń pè é ní Tíṣà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń pè é ní Ìyá Máyọ̀wá, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, níbi tí àwọn ọlọ́kadà àti ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọyẹ́ máa ń dúró sí. Àwọn ìyá tó wá wọn aṣọ máa ń mú ọmọ dání, àwọn ọmọ náà kì í sì í jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sinmi. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ láti máa pariwo, ó pe Dayọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Kánádà pé kó wá nǹkan fi ránṣẹ́ tí ọmọ lè jókòó máa wò. Dayọ̀ kó ìwé tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà kọjá sínú páálí ńlá kan. Ó jọ pé àwọn ọmọ ọ̀hún fẹ́ràn dírágónì ju oúnjẹ lọ, nítorí òun ló pọ̀ jù nínú páálí.

Ṣọ́ọ̀bù kò gbà wọ́n. Alàgbà Adégbóyè, àgbẹ̀ oníkòkó tó jẹ́ alága àwọn alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Yàrá kan lásán ni. Ẹni tó bá pè é ní láíbìrì ń sọ àsọdùn. Síbẹ̀, lọ́sàn-án, bí iléèwé bá ti jáde, àwọn ọmọ á kún ibẹ̀, Ọmọ́bọ́lá náà á gbé aṣọ tó fẹ́ fọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀ wá, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ìmísíolúwa, àbíkẹ́yìn Alàgbà Adégbóyè, wà lára wọn. Ó ti dé kíláàsì kẹrin, kò sì mọ̀wé kà. Wọ́n ti nà án, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi í sí lẹ́sìnnì, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Dírágónì ni kò jẹ́ kó lọ mọ́. Á tẹjú mọ́ àwòrán, á ní, “Ìyá Máyọ̀wá, kí ni wọ́n kọ sábẹ́ ibí yìí?” Ọmọ́bọ́lá á sọ fún un. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ó ń to lẹ́tà pọ̀ fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì pẹ́pẹ́pẹ́. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ dá kà láìṣì ni pé dírágónì kan ń fọ eyín rẹ̀ nínú odò. Ọmọ́bọ́lá tẹ orí ba aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kí ọmọ náà má baà rí omi ojú òun.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá Ìmísí ní kó lọ pọn omi wá lódò tó wà nínú oko kòkó. Ọmọ kò lọ. Ó ní dírágónì ń fọ eyín níbẹ̀. Bàbá ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó wà nínú ìwé, ní yàrá Ìyá Máyọ̀wá, láàárín ọ̀nì àti alángbá.

Alàgbà kò yà sílé kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Ìyá Máyọ̀wá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú oko.”

“Oko kú, omi ò dé. Ọmọ mi ní dírágónì wà lódò.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ọmọ́bọ́lá kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín,” ni Alàgbà wí. “Lórí àga ìwàásù wa, ta ni à ń pè ní dírágónì?”

“Sátánì ni, sà.”

“Òun lẹ wá gbà lálejò sí yàrá tó fẹ̀yìn ti pẹpẹ. Ẹ tún kà á mọ́ ẹran tí Olúwa dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn alàgbà bá pàdé, a ó kó àga wa padà síbẹ̀.”

Ọmọ́bọ́lá mọ̀ pé ẹ̀bi òun ni ti pákó ẹranko, kò sì jiyàn. Kíkó ìwé sínú páálí kò le. Ìmísí ni kò jẹ́ kó lè ṣe é. Ó ti gbé ìwé ìjàpá fún ọmọ náà rí, ó ti gbé ti ọmọ ọba fún un. Ìmísí kà wọ́n bí ẹni ń mu àgbo, ó sì dá wọn padà. Bí dírágónì bá lọ, ọmọ náà á bá a lọ, yóò sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí dírágónì bá sì dúró, yàrá á lọ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣà wọ́n, sà,” ló wí. “A kì í torí èpò fa ẹ̀gẹ́ tu.”

Alàgbà ní, “Ó dáa, ẹ ṣà wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá mi lẹ máa kà á fún. Èyí tí ìyá mi bá gbà, mo gbà á.”

Ọmọ́bọ́lá dúpẹ́, ó sì mọ̀ pé kò tíì rí nǹkan kan gbà. Ìyá Alàgbà kì í gba ìgbàkugbà.

Ó da páálí sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka ìwé bí ẹni tí ń ṣa ìrẹsì. Ọ̀kan wà tí dírágónì gbé ọmọ aláìgbọràn mì, tí ìtàn sì parí síbẹ̀, láìsí ẹni tó wá a. Ìyẹn kúrò. Ọ̀kan kún fún àwọn jagunjagun tó wọ aṣọ irin lórí ẹṣin, tí wọn kò ṣe ju kí wọ́n máa gún ẹran ẹlẹ́ran lọ́kọ̀. Ó kúrò. Nínú òmíràn, àwọn ènìyàn ń dọ̀bálẹ̀ fún dírágónì, wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un lórí òkè. Ó yára pa ìyẹn dé, nítorí bí Alàgbà bá fojú kàn án, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan kò ní ẹ̀bi kankan, àfi pé yìnyín bo ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun tó fẹ́ kà á fún ọmọ kò sì mọ bó ṣe ń rí lẹ́sẹ̀.

Ìgbà tó kàn èyí tí òjò pa iná ẹnu dírágónì ló rọra jókòó dáadáa. Nínú rẹ̀, dírágónì kan tó ti ń fi iná halẹ̀ mọ́ gbogbo àdúgbò jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, iná kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó sì ní láti máa kan ilẹ̀kùn kiri láti fọnná. Ọmọ́bọ́lá rántí Ìpáò tí wọ́n bí i sí, tí ìyá rẹ̀ máa ń fún un ní àpáàdì pé kó lọ fọnná lójúlé kejì, àti bó ṣe máa ń tijú bí òun àti àwọn ará ibẹ̀ bá ti jọ jà lánàá. Ó ya ìwé náà sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ tó lọ kà á, àwọn obìnrin ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé Alàgbà, oòrùn sì mú. Ìyá àgbà jókòó láàárín wọn, ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ti ọmọge. Alàgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń kan èèkù ọkọ́. Ọmọ́bọ́lá ń wo èdè òyìnbó inú ìwé, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́. Dírágónì kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Ìwọ tó jó òrùlé wa?” Ó kan èkejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ àwọn obìnrin ń falẹ̀ lára ẹ̀gẹ́. Nígbà tó dé ilé arúgbó kan tó ń dáná, ọ̀bẹ ti dúró pátápátá.

Ìyá àgbà na ọwọ́ sókè. “Dúró ńbẹ̀. Kí lò ń sọ fún wa yìí, ìtàn ni àbí àlọ́?”

Kò sẹ́ni tó tíì bi Ọmọ́bọ́lá ní ìbéèrè yẹn, òun náà kò sì bi ara rẹ̀. “Àlọ́ ni, Màmá.”

“Àlọ́. Ní ọ̀sán gangan. O ò rí oòrùn ni? A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án.”

“Ẹ jẹ́ ká mọ ọ̀nà ilé o,” ni obìnrin kan wí. “Ẹni bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ó máa ń ṣìnà.”

“Ìwọ tó o ń ṣìnà lọ́dọọdún, ta ló pàlọ́ fún ẹ?” ni èkejì dá a lóhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Alàgbà gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Mo ti wí, Màmá. Kí wọ́n kó wọn lọ.”

“Ìwọ náà, dákẹ́. Iwin olórí méje tí mo ń fi pàlọ́ fún ẹ, tó ò ń sá wọ abẹ́ aṣọ mi, ṣé o rí i lódò lọ́jọ́ kejì?”

“Rárá, Màmá.”

“Kí ló dé tó ò rí i?”

Alàgbà họ irùngbọ̀n. “Alẹ́ lẹ pàlọ́ rẹ̀. Ẹ sì ti ní ká dáhùn ààlọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.”

“Ọmọ tó bá dáhùn ààlọ̀ ti mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Ta ló ní kí ọmọ tìrẹ dáhùn?” Ìyá àgbà kọjú sí Ọmọ́bọ́lá. “Mú u kúrò láàárín ẹran. Kó má jáde tí oòrùn bá wà lókè. Tílẹ̀ bá ṣú, tí ará oko ti dé ulé, kí ẹni tó bímọ bá ọmọ rẹ̀ wá.”

Bí ìdájọ́ ṣe rí nìyẹn. Ọmọ́bọ́lá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bó ṣe ń lọ sílé. Ó rò pé wọ́n fi ọgbọ́n lé dírágónì jáde ni. Àgbẹ̀ wo ni yóò ti oko dé tí yóò tún wá jókòó ti ìwé ọmọdé?

Lálẹ́ àkọ́kọ́, Alàgbà ló kọ́kọ́ dé yàrá náà, ó gbé iná sólà dání, ó gbé àga ìyá rẹ̀ lérí, Ìmísí sì tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin tó bó ẹ̀gẹ́ wọlé pẹ̀lú ọmọ, àwọn kan fa ọkọ lọ́wọ́. Ìyá àgbà kò tíì jókòó tán tó fi ní, “Ṣé uná ọ̀hún dé ulé? Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn.”

“Ààlọ́ o,” ni Ọmọ́bọ́lá wí.

“Ààlọ̀,” ni gbogbo ilé dáhùn.

Ó gbé ìwé náà fún Ìmísí. Ọmọ náà kà á. Ó kọsẹ̀, ó padà, ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tó le, ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń lọ, bí arúgbó ṣe bu ẹ̀yinná sí àpáàdì fún dírágónì, àti bí dírágónì ṣe ń rọra rìn lójú ọ̀nà kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ẹ pa. Ọ̀sán ló máa ń kàwé tẹ́lẹ̀, oko sì ni bàbá rẹ̀ máa ń wà. Alàgbà kò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lórí ìwé rí. Ó fẹnu sílẹ̀ díẹ̀, ó ń wo ìka tó ń rìn lórí bébà. Nígbà tí Ìmísí parí, Alàgbà gba ìwé náà, ó yẹ ojú ewé rẹ̀ wò bóyá lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

“Ìyá Máyọ̀wá,” ló wí níkẹyìn, “ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni.”

“Màmá lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sà.”

Láti ọjọ́ náà, àfi bí ara Alàgbà kò bá yá nìkan ni kì í wá. Àwọn ìyá tí kò kàwé ń fi ìka tẹ̀ lé ìka ọmọ wọn. Ìmísí padà ń pọn omi lódò, ó sì ń kàwé mìíràn lọ́sàn-án kó lè tètè dé ibi tí dírágónì wà lálẹ́. Ọmọ́bọ́lá pe Dayọ̀ pé kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bá òun, kó sì fi òmíràn ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má fi èyí tó ní yìnyín sí i.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún tó kọjá, Máyọ̀wá bímọ ní Ọ̀tùn-Èkìtì, ìyá rẹ̀ sì lọ bá a wẹ ọmọ. Alàgbà Adégbóyè ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá Ìsàn lálẹ́ báyìí. Ọmọ́bọ́lá kò tíì padà. Ọ̀tùn ló wà nígbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, lójúlé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń rán aṣọ iléèwé.