Bísímílà Ìyá Olówùú

Ìyá tó ń ta òwú ní Táíwò Road ló máa ń bá mi mójú tó ọmọ mi ọlọ́dún méjì tí mo bá jáde lọ wá ìròyìn. Kò ní fún un ní ṣíbí kan láìfi "Bísímílà" ṣe orin. Bí mo bá dé, á ní: "Ó ti yó. Má yọ ọ́ lẹ́nu."

Lánàá, mo po ẹ̀kọ nílé. Ọmọ di ẹnu pa.

"Ìyá Olówùú ni kó fún mi!"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Oníròyìn, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ o!"

Owú gbé mi, mo sín ìyá náà jẹ, mo fi "Bísímílà" kọrin bíi tiẹ̀. Ọmọ mi yanu, ó jẹun, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló ń wò títí ẹ̀kọ fi tán.