Màmá Orí Àtẹ̀gùn ní Kàrú

Ẹ lè ní mo ń parọ́, àmọ́ ojú mi yìí ló rí i. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, orí mi sì pé.

Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni mò ń ṣe l'Ábújá. Ọ̀gá kan ra ọ̀wọ́ ilé àtijọ́ kan ní Kàrú, ó ní kí n wá wọn inú wọn, torí ó fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín méjì nínú wọn, kó fi wọ́n ṣe gbọ̀ngàn.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ṣe ni mo dúró tí mò ń wò. Ilé kéékèèké ni o, kì í ṣe ilé olówó. Ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó bọ̀ láti Èkó ni wọ́n kọ́ wọn fún òṣìṣẹ́, ẹni tó yà wọ́n sì ti wo àdúgbò àtijọ́ kan nílùú òyìnbó dáadáa. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ kanra bí ọmọ ìyá. Dígí tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá wà lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé ìsàlẹ̀ ga, tòkè kúrú díẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì ṣe ọ̀ṣọ́ sí wọn nídìí. Kò sí àṣejù níbì kankan. Ó wù mí débi pé mo fọwọ́ pa ògiri lára.

Máígàádì ṣí ilé àárín fún mi. "Sànnu, màdáámù," ló wí, àmọ́ kò tẹ̀ lé mi wọlé.

Inú ilé tutù. Àtẹ̀gùn kan yí lọ sókè bí ìkarahun ìgbín. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì rí èyí tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti rí màmá kan tó jókòó sókè, tó ń fi etí ìró rẹ̀ nu igi tí èèyàn máa ń dì mú.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní kò sẹ́ni nílé."

"Ó dára, àbí?" Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ.

"Ó dára gan-an, mà."

"Má jẹ́ kí wọ́n wó ògiri yẹn. Àwọn ọmọ ń sùn."

Mo yíjú síbi tó nawọ́ sí. Mo gbọ́ tí ọmọ kékeré kan wúkọ́ nínú ògiri, tí òmíràn sì ń ṣe "ṣììì" fún un.

Kí n tó bojú wẹ̀yìn, màmá ti lọ. Eruku bo gbogbo àtẹ̀gùn, àfi ibi tó ti nù. Mo fọwọ́ kàn án. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Máígàádì wo ojú mi.

"Kai," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó bá yín sọ̀rọ̀?"

"Ta ni?"

Ó mi orí, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.

Mo pe ọ̀gá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní mi ò ní ya àwòrán tó máa mú ògiri yẹn kúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo tún gba Kàrú kọjá, ilé náà ṣì rẹwà bákan náà, máígàádì sì ní ògiri yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mo pe ẹni tó gba iṣẹ́ náà títí, kò gbé fóònù. Mi ò mọ ohun tó rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wó ilé tẹ́ ẹ ò mọ ẹni tó gbébẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fetí lé ògiri rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ èémí ọmọdé, ẹ rọra jáde.