Ẹ̀rọ Bàbá Mi àti Bọ́ọ̀lù Alhájì

Bí sitẹbiláísà ilé mi bá ti dún kọ́-kọ́-kọ́, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Súrùlérè ni mo máa ń rántí. Alhájì tó ni ilé wa ti gé wáyà rédíò tí bàbá mi fi ń bá àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀, torí ó ń da tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ láàmú. Bàbá mi ò jà. Ó so wáyà mìíràn, ó ra ẹ̀rọ ńlá tó ń fún rédíò lágbára, tó sì ń fúnra rẹ̀ yí síbi tí rédíò ti máa gbé ohùn dáadáa.

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ títí, ó wá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ dún kọ́-kọ́-kọ́, ó ń rùn bí eruku gbígbóná.

Bàbá mi sọ sínú rédíò pé: “Ẹ káàsán o, ará Gánà!”

Alhájì pariwo nísàlẹ̀: “Bàbá Ṣadé! Ohùn ẹ ti gba tẹlifíṣọ̀n mi! Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ o!”

“Ẹ má bínú, Alhájì. Ẹ̀rọ yìí ló ń yí ara rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.”

Mo gbà á gbọ́ nígbà náà. Ẹ̀rọ ń yí ara rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò mọ aago tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀.