Bàálù Tó Lóṣòó

Fèrèsé mẹ́rìnlá ni Barnabas Béjidé gé jáde lára àwòrán àyà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní awo nínú. Lọ́dún 1994 ni ikọ́ kan dà á láàmú, ni wọ́n bá ya ẹ̀sírè fún un ní ilé ìwòsàn kan n'Íléṣà. Dókítà wò ó, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Barnabas gbé fíìmù náà wálé, nítorí pé kì í da ohun tó bá ṣì lè wúlò nù, ó sì tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1996, tí bàálù tó ń fi igi kàn nílò gíláàsì, ó mú síṣọ́ọ̀sì ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá yọjú wo inú bàálù náà dáadáa, egungun ìhà kafíńtà ni yóò rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Barnabas nígbà náà. Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti bẹ́ńṣì ni iṣẹ́ rẹ̀ ní Òkèṣà n'Íléṣà, kò sì fìgbà kan ṣe ohun tó ní apá rí. Àmọ́ ó ní ìtàn kan. Lọ́dún 1959, nígbà tó ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, Ọlọ́rundáre, ìjọba ń fẹ́ kí wọ́n wá fi ilẹ̀kùn sí ilé kan ní Kàdúná ní kíákíá, ni wọ́n bá fi àwọn méjèèjì sínú bàálù láti Ìbàdàn. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi ń sọ ìtàn yìí. Ó sọ ọ́ níbi ìkómọ, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, kò sì sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọkùnrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn tí kò rí àyè tì í bọ̀. Ìkùukùu dà bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Odò Ọya dà bí okùn bàtà. Màlúù dà bí èèrà.

Nínú gbogbo ohun wọ̀nyí, kò rí ẹyọ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ ti lọ jókòó síwájú. Wọ́n gbé Barnabas lé òṣùwọ̀n ní pápá bàálù, wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lé e, àpótí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó o. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Bó ṣe ní kí òun máa rìn lọ sí ibi ìjókòó òun, ó rí i pé ilẹ̀ bàálù ti dà gẹ̀rẹ́ bí òkè. Ó rò pé ó ti gbéra nìyẹn, tí wọn kò tiẹ̀ dúró kí òun jókòó. Ó di ìjókòó kọ̀ọ̀kan mú, ó fi pọ́n òkè náà, ó jókòó, ó dijú, ó sì ń gbàdúrà. Kò la ojú títí wọ́n fi dé Kàdúná. Ẹnìkan tó jókòó tì í ló sọ pé àwọn ti kọjá Odò Ọya. Ti òwú, ti okùn bàtà àti ti èèrà, fúnra rẹ̀ ló fi kún un nígbà tó délé.

Oṣù kìn-ín-ní ni Ẹgbẹ́ Ọkùnrin ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá fún ìpàtẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù kẹta. Barnabas dìde, ó ní òun yóò ṣe bàálù tí òun wọ̀, ní kékeré, kí àwọn tí kò dé inú rẹ̀ rí lè rí i.

"Bàálù wo?" Bọ́lárìnwá ló bèèrè, ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, tó fi ogójì ọdún ta aṣọ kiri kó tó fẹ̀yìn tì. "Èyí tí o wọ̀ lójú oorun?"

"Èyí tí mo wọ̀ ní 1959."

"Ta ló rí ọ?"

"Ọ̀gá mi, Ọlọ́rundáre."

"Ọlọ́rundáre ti kú láti 1971. Ẹni tó lè dáhùn ni mò ń bèèrè." Bọ́lárìnwá yíjú sí àwọn yòókù. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Òkè-Fíà, l'Óṣogbo, Àlàájì Sàláúdéènì, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ọjà, ọdún mẹ́fà ló fi ń kó ẹrù sínú irú bàálù yẹn ní Kàdúná. Màá mú un wá. Bó bá ní bàálù Kafíńtà bá tòótọ́ mu, n ó dákẹ́. Bó bá ní kò bá a mu, a ò fẹ́ gbọ́ ìtàn yẹn mọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí. Òwú, okùn bàtà, gbogbo ẹ̀ pátá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe tètè pàtẹ́wọ́ yẹn ló dun Barnabas jù.

Kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ló ní àwòrán bàálù náà, Dàkótà ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀. Barnabas ní ìdajì íǹṣì kan ni yóò dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìṣirò yẹn fún un ní apá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin dín ìdajì íǹṣì, àti ara tó gùn tó íǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Igi ọmọ́ ló lò nítorí pé ó fúyẹ́. Kò lo igi apá láti fi ṣe apá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń kọjá ló dá àbá yẹn, tí kálukú sì rò pé òun lòun kọ́kọ́ rò ó.

Odindi igi ló kọ́kọ́ gbẹ́ fi ṣe ara bàálù. Ó wúwo débi pé nígbà tó fi apá sí i, apá ya. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Ó gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, ó gbọ́ tí Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fi nǹkan gúnyán lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá Wúrà, kí lẹ fi ń gúnyán?"

"Ọmọ odó tuntun tí ẹ gbẹ́ fún mi. Ẹ ṣeun. Àmọ́ imú rẹ̀ ti ṣe ṣóńṣó jù."

Kò lè sọ pé bàálù ni. Ó jẹ iyán náà. Ìkejì, ó fi pákó pẹlẹbẹ tò ó yí ká bí agbá, kí inú rẹ̀ lè ṣófo. Ìyẹn ló ṣe déédéé. Ó fi pátákó pẹlẹbẹ gé àwọn abẹ̀bẹ̀ iwájú. Fún táyà, ó nílò rọ́bà tó nípọn, ó wo ilé yí ká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí sílípáàsì Làbákẹ́. Ó gbà pé sílípáàsì náà ti gbó. Kò bi ẹni tó ni ín bóyá òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó gé táyà ńlá méjì lára ti ọ̀tún, ó sì gé kékeré kan tó wà lábẹ́ ìrù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán.

Ọjọ́ tó gbé e kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni Bọ́lárìnwá ń kọjá lọ. Ó dúró, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kafíńtà, kí ló ṣe bàálù yìí tó fi lóṣòó?"

Lóòótọ́, imú bàálù wà lókè, ìdí rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

"Bó ṣe wà nínú àwòrán nìyẹn," Barnabas ní.

"Ó jọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ta ló jẹ ẹ́ lówó aṣọ?"

Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Láyé ìgbà tí àwọn èèyàn wọn ń ta aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó, wọn kì í jókòó, wọn kì í sì í lọ. Wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó fi máa jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Òṣómàáló. Bọ́lárìnwá fúnra rẹ̀ ti lóṣòó láti Ìkirè títí dé Ìlọrin, bí ó bá rí ẹni tó lóṣòó, ó mọ̀ ọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Bàálù Òṣómàáló.

Barnabas gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jáde, igi gbọọrọ tó ní ìgò omi láàárín, èyí tí kafíńtà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú. Ó gbé e lé ẹ̀yìn bàálù. Ìhó afẹ́fẹ́ inú ìgò sá lọ sí ìpẹ̀kun kan, ó dúró síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dá dúró, ohunkóhun kò jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún àwòrán kàlẹ́ńdà yẹn wò. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé orí òkè ni wọ́n ti yà á, tàbí kí táyà ẹ̀yìn ti jò lọ́jọ́ náà. Àwọn bàálù tó ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n, ṣebí ńṣe ni wọ́n ń dúró gbọnrangandan. Ó yọ táyà ìrù, ó gé òmíràn lára sílípáàsì òsì, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ga sí i lábẹ́ imú. Nígbà tó tún gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e, ìhó náà dúró sáàárín gan-an. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe Làbákẹ́ wá wò ó.

Làbákẹ́ wò ó pẹ́. "Ó dára," ó ní. "Sílípáàsì mi tòsì náà dà?"

Ọjọ́ ìpàtẹ pé, gbọ̀ngán ìjọ kún. Bọ́lárìnwá mú Àlàájì Sàláúdéènì wọlé, ọkùnrin gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi ọ̀pá rìn. Àlàájì kò wo agbọ̀n, kò wo fìlà híhun. Ó lọ tààrà síbi bàálù, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka ka fèrèsé.

"Méje níhìn-ín, méje lọ́hùn-ún. Ó pé." Ó yọjú wo inú rẹ̀. "Kí ló wà nínú ibí yìí?"

"Ìhà mi ni," Barnabas ní.

"Ìhà yín. Ó dáa." Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ imú. Ó fi ọ̀pá tọ́ka. "Kafíńtà, níbo ni ẹsẹ̀ yìí ti wá?"

"Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni."

"Dàkótà kì í ní ẹsẹ̀ níbẹ̀."

Bọ́lárìnwá yíjú sí gbọ̀ngán, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ti parí ẹjọ́. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Barnabas rí ọdún mẹ́tàdínlógójì tó ń gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ.

"Ẹ dúró ná," Àlàájì ní. "Ọwọ́ lè ṣàṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká fi igi sílẹ̀. Kafíńtà, ilẹ̀kùn wo lẹ gbà wọlé?"

"Ti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù."

"Láti ibẹ̀ dé orí ìjókòó yín, báwo lẹ ṣe rìn?"

Barnabas lè ní òun kàn rìn ni. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìkùukùu rẹ̀ ṣì wà, okùn bàtà wà. Bó bá sọ òtítọ́, kò sí ohun tí yóò ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọkùnrin kan tó dijú lọ. Ó wo bàálù rẹ̀ tó tẹ́jú dáadáa, ó wo ojú Bọ́lárìnwá.

"Mo gun òkè ni," ó ní. "Mo ń di ìjókòó mú, mo fi ń gòkè. Mo rò pé ó ti gbéra kí n tó jókòó. Ni mo bá dijú."

"Ìgbà wo lo là á?" Bọ́lárìnwá bèèrè.

"Ní Kàdúná."

"Ìkùukùu ńkọ́?"

"N kò rí ìkùukùu."

"Odò Ọya?"

"Wọ́n ní a kọjá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ṣì dà gẹ̀rẹ́, mo ní kò tíì balẹ̀ tán. N kò dìde. Ńṣe ni wọ́n wá fà mí."

Ẹ̀rín mú Àlàájì Sàláúdéènì débi pé ó wá bẹ́ńṣì jókòó sí, bẹ́ńṣì tí Barnabas kàn fúnra rẹ̀. "Ọkùnrin yìí wọ̀ ọ́," ó ní nígbà tí ohùn rẹ̀ padà. "Ìdí ni bàálù yẹn máa ń fi jókòó bó bá wà nílẹ̀, imú rẹ̀ á wà lókè. Kò sí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ tí kò ní pọ́n òkè. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ kò lè mọ̀, ìkùukùu ni yóò máa sọ fún yín. Àwọn tí kì í dìde yẹn náà, àwa la máa ń gòkè lọ bẹ̀ wọ́n."

Barnabas di ẹsẹ̀ iwájú bàálù mú, ó ṣẹ́ ẹ. Bàálù náà rọra fi ìdí lélẹ̀, ó gbé imú sókè, ó lóṣòó. Bọ́lárìnwá wò ó títí, ó sì mi orí. "Òṣómàáló ni lóòótọ́," ó ní, òun ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe dá Barnabas láre nìyẹn. Ó jàre pé ó wọ bàálù, ìtàn tó ti ń sọ nípa rẹ̀ ni kò ní mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Làbákẹ́, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní gbọ̀ngán, dúró kí ọkọ rẹ̀ gbé bàálù sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù ná.

"Bàbá Wúrà, ìkùukùu tó dà bí òwú, tí ẹ sọ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé bàbá mi n'Ípẹ́ríndó ní 1960 ńkọ́?"

Barnabas ń wá ayùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹni méjì ló ń fẹ́ mi lọ́dún yẹn. Ẹnìkejì ní kẹ̀kẹ́ tuntun. Mo ní ẹni tó ti wọ bàálù tó sì la ojú wo ayé kò ní pẹ́ ra mọ́tò."

"Ọ̀rọ̀ ti pẹ́, Ìyá Wúrà."

"Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. N kò lè gba ìkùukùu lọ́wọ́ yín mọ́." Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè kọjá láìfara kàn án. "Sílípáàsì mi ni n ó gbà."

Barnabas wo bàálù, ó wo ìyàwó rẹ̀. Bí imú bàálù ṣe gbé sókè ni àgbọ̀n Làbákẹ́ náà gbé sókè. Ó dé fìlà rẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì forí lé ọ̀nà ọjà lọ ra sílípáàsì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé ohun tó lóṣòó.