Ẹni tó Máa Bá Wọn Bẹ̀bẹ̀

Bí òórùn àdín bá ti fẹ́ wá láti ilé aládùúgbò mi ní Sakété, mo máa ń tún di ọmọdé ní Pobè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan níbẹ̀, ìyá mi ń fi òkúta pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé, èmi ń ṣà á kúrò lára èèpo. Nínú rédíò bàbá mi, ọkùnrin méjì ń jiyàn lórí ogun ọ̀nà jíjìn kan. Ọ̀kan ní dandan ni kí ọ̀tá juwọ́ sílẹ̀ láìsí àdéhùn kankan. Èkejì ní ẹni tí a bá ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́, á jà títí kú ni.

Bàbá mi ní, “Ti àkọ́kọ́ yẹn ló dáa.”

Òkúta dúró lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀rù bà mí. Nílé wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ á kúnlẹ̀, aládùúgbò á bá a bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó mú pàṣán.

“Bàbá, ta ló máa bá wọn bẹ̀bẹ̀?”

“Wọn kì í bẹ̀bẹ̀ lójú ogun.”

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rédíò. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wọn.”

Ìyá mi gbọn èèpo kúrò lára ìró rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ tì mí.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀tá yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi sá lọ, nígbà tí bàbá mi lé e jáde, tó kọ ẹ̀bẹ̀ gbogbo àdúgbò.

“Ẹ dìde,” ni bàbá mi wí. “Rédíò ò létí.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá mi dáhùn. “Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún.”